Pátákó Tó Dorí Kodò

                                        Ilé Baraduc,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Lachaud-le-Vieux,
                                        Creuse.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2024.

Ghislaine, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwọn ọmọ rẹ méjèèjì ńkọ́, àti ológbò burúkú rẹ tó máa ń họ àlejò lára? Mo kí gbogbo yín, mo sì kí ọ kú òtútù, nítorí mo gbọ́ pé ti Rennes lọ́dún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Bàbá mi ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn. Ó jókòó tì mí títí mo fi kọ ọ́, ó ń fi ìka wá ibi tí bébà wà lórí tábìlì. Ó ti dìde lọ báyìí. Mo lè máa sọ tẹnu mi.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ní kí n wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ rẹ, mi ò wá. O ní kí n wá lóṣù Kejì, mi ò wá, mi ò sì sọ ìdí. Nínú ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn, o bi mí bóyá ọ̀rẹ́ wa ti sú mi. Ghislaine, kì í ṣe ìwọ lo sú mi. Gbogbo nǹkan ló sú mi. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá jókòó láti bọ́ bàtà, màá gbàgbé pé bàtà ni mo fẹ́ bọ́, màá kàn jókòó síbẹ̀. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ dá mi lẹ́bi lẹ́yìn náà, ó kéré tán wàá ti gbọ́ ẹjọ́ mi.

O rántí bí mo ṣe padà wálé lẹ́yìn ìsìnkú Luc, ọkọ mi. Ìwọ lo bá mi di ẹrù. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe wà nígbà tí mo dé ibí. Yàrá tí mo sùn sí lọ́mọdé ni mo wọ̀, mo kọjú sí ògiri, mi ò jáde mọ́. Bàbá á gbé ọbẹ̀ wá, á tún gbé e padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ fèrèsé mi. Bàbá ni. Ó ti gbé kẹ̀kẹ́ màmá mi olóògbé jáde nínú àká, ó ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀. Ó ní, "Sabine, dìde. Ó ti sú mi láti máa dá gun kẹ̀kẹ́. Arúgbó ni mí. Bí mo bá ṣubú sínú igbó, ta ni yóò mọ̀?" Mo dìde nítorí pé mi ò lókun tí mo lè fi jiyàn. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kórìíra kẹ̀kẹ́. Ìjókòó rẹ̀ ń gé mi nídìí, òtútù ń bù mí létí jẹ, òkè tó wà lẹ́yìn afárá náà sì ni, kò sí ọjọ́ tí mo gùn ún tí èmi àti Ọlọ́run kì í jà. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé tí gbogbo yín ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré, ìwé ni mò ń kà. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ sọ?

O mọ ọ̀nà wa. Kò tíì yí padà, àfi pé koríko ti hù sí àárín ọ̀dà báyìí. Èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ láti ilé wa dé Bourzat, níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì, kó má pàdé mọ́tò kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó ń kó wàrà màlúù a máa kọjá lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku Didier Coudert pẹ̀lú katakata rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ń lọ fún àwọn arúgbó lábẹ́rẹ́ nílé wọn. Tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àlejò á wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ olówó ńlá sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ bí ibí ṣe dákẹ́. Ẹ̀yin mà ń jayé." Bàbá á ní, "Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ dákẹ́, ilé búrẹ́dì tẹ̀ lé e, ilé dókítà ló wá dákẹ́ kẹ́yìn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ṣé o ṣì rántí pátákó? Bóyá Rennes ti mú ọ gbàgbé. Bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ méjì bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro, tí wọ́n bá ti rí pátákó orúkọ ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Wọ́n á dìde lórí ìjókòó, wọ́n á tẹ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá òpó rẹ̀ ló gba pátákó, ẹni tó bá pàdánù ni yóò gbé búrẹ́dì délé. Kò sí ẹ̀bùn mìíràn. Mi ò gba pátákó Bourzat lọ́wọ́ bàbá mi rí. Búrẹ́dì tí mo ti pọ̀n délé láti ọdún méjì, kò sí abiyamọ tó pọ̀n ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ló wá dé. Lóṣù Kẹwàá, mo rí i tó ń da kọfí sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó sì ń dà á lọ. Mo mú un lọ rí dókítà ojú. Dókítà ní àárín ojú ló ń kú, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ríran. Ìyẹn ni pé bí ó bá wò ọ́ tààrà, kò ní rí ọ. Bí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ, ó lè rí èjìká rẹ. Ó ní kò sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà, kó má wa mọ́tò mọ́. Bàbá ní òun ti gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ta mọ́tò fún Didier. Dókítà kò bèèrè bóyá ó ní kẹ̀kẹ́, bàbá náà kò sì sọ. Èmi tí mo jókòó láàárín wọn, bàtà mi ni mò ń wò.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ojú fún un láìjẹ́ kó mọ̀. O mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí o bá sọ fún un pé, "Ẹ ṣọ́ra, kòtò wà níwájú," ó lè mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú kòtò náà kó lè fi hàn ọ́ pé òun rí i. Nítorí náà, mo kọ́ ìráhùn. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí a bá ń sún mọ́ kòtò, màá ní, "Ẹ wo kòtò apá ọ̀tún yìí, ìjọba ò ní dí i títí a ó fi kú." Bí ẹ̀ka igi bá wó sójú ọ̀nà, màá ní, "Ta ló ni igi játijàti yìí, tó fi dí gbogbo apá òsì?" Bó bá ku díẹ̀ kí á dé kọ́nà, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó la kọ́nà náà, àti bàbá rẹ̀. Láti ilé dé Bourzat, láti Bourzat délé, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ mí ju bí ẹsẹ̀ ṣe rẹ̀ mí lọ. Paulette tó ni ilé kọfí bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Sabine, kí ni ìjọba ṣe fún ọ gan-an? Inú oko ni Didier wà tó ti ń gbọ́ ohùn rẹ, ó ní àwọn màlúù òun ò lè jẹun mọ́."

Thierry ẹ̀gbọ́n mi ń pè láti Toulouse ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Sọ fún bàbá kó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀." Mo ní kó sọ fún un fúnra rẹ̀. Á ní, "Ìwọ lo wà nílé." Ghislaine, bí mo bá kú, kí ẹ fi gbólóhùn yẹn kọ sára òkúta ibojì mi. Ìwọ lo wà nílé. Ta ló fẹ́ se oúnjẹ? Ìwọ lo wà nílé. Ta ló fẹ́ bá bàbá wá oògùn? Ìwọ lo wà nílé. Bí ẹni pé mo jí ilé náà ni.

Ní òpin oṣù Kìíní, nọ́ọ̀sì ra mọ́tò tuntun, irú èyí tó ń lo iná mànàmáná tí kì í dún. Etí ni bàbá mi fi ń gun kẹ̀kẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé mọ́tò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn. Àárín ọ̀nà gan-an ló wà ní kọ́nà afárá nígbà tí mọ́tò náà yọ. Mo kígbe, kì í ṣe ìráhùn lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá yà sínú gọ́tà, ó ṣubú sórí ẹ̀gún. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó sáré wá bá wa. Bàbá ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, mọ́tò rẹ ń yọ́ rìn bí olè. So agogo mọ́ ọn lọ́rùn bí ti màlúù." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sí ilé ìdáná tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, mi ò lè dìde gbé oúnjẹ kaná.

Bí Thierry ṣe gbọ́, mi ò mọ̀, àmọ́ ó gbọ́. Ó ní òun ń bọ̀ fún ọdún Àjíǹde, pé bí òun bá fi bá kẹ̀kẹ́ bàbá nínú àká, ayùn lòun máa fi gé e sí méjì. Ó ní kí n yàn án: kí èmi sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, tàbí kí òun ṣe é pẹ̀lú ayùn. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà lọ́rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ yẹn jẹ́ fún bàbá. Kò lè kàwé mọ́, kò lè wo tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ló ti máa ń rí bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, torí pé ọ̀nà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní bí mo bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti pa á nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, àràárọ̀ ni mo sì ń gbé e mì. Ìdí tí mi ò fi wá sí Rennes nìyẹn. Bí mo bá wá, ta ni yóò bá a ráhùn?

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú tó lọ lọ́hùn-ún. O mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn àgbẹ̀ láti ìgbà òtútù. O ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń tú pátákó orúkọ ìlú káàkiri, tí wọ́n ń dà á dorí kodò, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé orí ni a fi ń rìn ní ilẹ̀ yìí. Wọn kò tíì ṣe tiwa, nítorí Didier ni olórí wọn, Didier kì í sì í yára sí nǹkan kan. Sátidé ló wá rántí. Èmi ò mọ̀.

Nígbà tí a jáde láàárọ̀, òtútù ti sọ gbogbo koríko di funfun. A ń lọ, mò ń ráhùn. Bí a ṣe yọ lẹ́yìn igi óákù ńlá, mo rí pátákó Bourzat lọ́ọ̀ọ́kán, ó dorí kodò, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní bàbá á rí nǹkan sọ lónìí, mo wá ń dúró de ohùn rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ó dìde lórí ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ lé e, ó gba pátákó. Ó fi ọwọ́ gbá òpó náà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Búrẹ́dì méjì lónìí o, Sabine. Má jẹ́ kí ọ̀kan já bọ́." Kò sọ nǹkan kan nípa pátákó. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

A wọ ilé kọfí Paulette. Didier àti àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan ti wà níbẹ̀, ojú wọn pọ́n, inú wọn ń dùn bíi ti ọmọ tó jí ṣúgà lá. Didier ò jẹ́ kí bàbá jókòó tán. Ó ní, "Bàbá Anselme, ṣé ẹ rí pátákó wa?"

Bàbá ní, "Ṣé mo fọ́jú ni? Mo rí i. Ẹ ti fọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́. Orúkọ yẹn hàn ketekete, èèyàn lè dúró nídìí óákù kó kà á."

Didier ń wo inú ife rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i tí ẹnìkejì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bàbá na ọrùn, ó ń fi etí wá èsì tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì rí i tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Paulette ló yọ wá. Ó gbé kọfí wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Didier ló fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀lẹ ni."

Didier gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Màá máa fọ̀ ọ́ déédéé."

Ọkùnrin tó gun àkàbà nínú òtútù kí ìjọba lè mọ̀ pé inú ń bí òun, òun ló jókòó síwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà pé fífọ̀ lòun fọ pátákó. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn fún un láéláé.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mi ò ráhùn. Bàbá rọra ń lọ níwájú, ó wọ kòtò àkọ́kọ́, ó wọ ìkejì. Nígbà tí a dé ìdí àgbélébùú òkúta, ó tẹ bíréékì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kí ló ṣe pátákó yẹn?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ikùn. Ó ní, "Didier sì gbà pé òun fọ̀ ọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Bàbá rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ wá òkúta, ó jókòó lé e.

Mo ní ọjọ́ pé. Mo la ẹnu kí n sọ ohun tí Thierry ní kí n sọ, omi ojú ló jáde dípò ọ̀rọ̀. Bàbá ní kí n má sunkún, pé òun mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, pé láti oṣù Kẹwàá lòun ti ń dúró kí n sọ ọ́. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò mọ ìdí tí mo fi ń bá ìjọba jà lórí kòtò kan náà, níbì kan náà, ní gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ipò alága ìlú ni mo fẹ́ dù.

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò fi gbé kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Ghislaine, gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, Sabine. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́. Eékún ń dùn mí, kò sì sí kọ́nà tí ẹ̀rù kì í bà mí. Ọjọ́ tí mo ta mọ́tò ni ǹ bá ti ta kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Àmọ́ mo ní bí mo bá dúró, wàá padà sínú yàrá yẹn, wàá tún kọjú sí ògiri. Kẹ̀kẹ́ ló mú ọ jáde. Bí o ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní, "Bàbá, mo kórìíra kẹ̀kẹ́."

Ó ní, "Kí lo wí?"

Mo tún un wí. Mo ní láti ọjọ́ kìíní ni. Mo ka ìdí, etí àti òkè ẹ̀yìn afárá fún un. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọdún méjì, Ghislaine, nínú òjò, nínú òtútù. Òun ń gùn ún nítorí mi, èmi ń gùn ún nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ ẹ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ti ọ̀tẹ̀ yìí dé ikùn, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Èmi náà jókòó sínú koríko tútù, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe. Kò sí mọ́tò kankan tó kọjá láti wò wá. Ẹsẹ̀ la fi rìn délé, a ń ti kẹ̀kẹ́. Bàbá gbé tirẹ̀ wọ inú àká, ó fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni tó ń kí màlúù pé ó dàárọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, a sùn. Lọ́jọ́ kẹta, a tún sùn. Mi ò mọ̀ pé oorun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú mi. Mo pe Thierry, mo ní kó fi ayùn rẹ̀ sílé. Ó ní, "O ti wá sọ fún un?" Mo ní rárá, Didier ló fọ pátákó. Kò yé e, mi ò sì ní okun tí mo lè fi là á yé e.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, búrẹ́dì tán. Kò sí mọ́tò nílé mọ́, ẹsẹ̀ á sì pẹ́ jù. Mo gbé kẹ̀kẹ́ màmá mi jáde, mò ń ṣépè. Ọ̀nà náà dákẹ́. Ọdún méjì ni mo ti fi ń gba ibẹ̀, mo sì ti gbàgbé bó ṣe dákẹ́ tó, torí pé láti oṣù Kẹwàá ni ẹnu èmi gan-an kò ti dákẹ́. Mo gbọ́ omi lábẹ́ afárá. Mo gbọ́ ẹyẹ kan tó ń wí ohun kan náà lásọtúnsọ. Nígbà tí mo dé ibi kòtò apá ọ̀tún, ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀, mo ní, "Ẹ wo kòtò yìí." Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí Luc, èyí tí mi ò sun nígbà tó yẹ, mò ń sun ún, mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí mo ṣe yọ lẹ́yìn óákù, mo rí pátákó náà, ó ṣì dorí kodò. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo dìde lórí ìjókòó, èmi obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, èmi nìkan láàárín oko, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Mo gba pátákó.

Nígbà tí mo délé, bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú ìwọ̀nba oòrùn tó yọ. Ó gbọ́ ṣéènì mi. Ó ní, "Ta ló gba pátákó?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ta ló ṣe ìkejì?" Mo ní kò sí. Ó pòṣé. Ó ní ìyẹn kì í ṣe pátákó, pé ẹni tó dá sáré, kò borí ẹnikẹ́ni, kí n lọ wá ẹni tí yóò máa bá mi dù ú. Mo ní ta ni mo fẹ́ rí ní Lachaud-le-Vieux. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ọmọ àwọn Lavialle ńkọ́? Èyí tó máa ń yan àwọn tó kù jẹ."

Ìwọ ni o. Ìwọ Ghislaine Lavialle, tó máa ń lọgun pé "Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn" kí gbogbo àwọn ọmọ tó kù lè yà sínú koríko, kí o lè gba pátákó, lójú ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà. Bàbá kò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, èmi ò ní wá sí Rennes, ìwọ ni yóò wá. Wá fún ọdún Àjíǹde. Thierry á wà níbẹ̀, òun ni yóò se oúnjẹ. Bó bá bi mí pé kí ló dé, mo ti mọ èsì tí màá fún un: ìwọ lo wà nílé. Bàbá ti yá ọ ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó wọ inú àká lánàá, ó fi ìka wá ìdè ìjókòó náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọ. Ibi tí orí rẹ máa ń dé ní àyà rẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ló fi wọ̀n ọ́n. Mi ò ní ìgboyà láti sọ fún un pé o ti ga jù mí lọ. Bí o bá dé, jọ̀wọ́, jẹ́ kí eékún rẹ máa kan ọ́ lágbọ̀n títí a ó fi kọjá kọ́nà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ó gbé ìjókòó náà sókè.

Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ dáadáa, sọ fún wọn pé mo ń rántí wọn. Má gbé ológbò yẹn wá. Ó ṣì rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ tí oorun lè wò ni báyìí.

Bàbá ní òun ni adájọ́. Didier á fi katakata gbé e lọ, Paulette á gbé àga fún un sí ìdí òpó. Ó ní òun kò nílò ojú, pé bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ òun ṣe ń dún yàtọ̀ sí ti màmá mi. Didier wá bi í lánàá bóyá kí òun dá pátákó náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nítorí ọjọ́ náà. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó kàn fọ̀ ọ́.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́, èmi tí mo wà nílé,
                                        Sabine.